Ìyá mi ń yan gààrí, ó ń sùn. Èmi jókòó sábẹ́ éèsì, oorun ò kùn mí

Adùn_Ìkéré · Àìkú, 10:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èkìtì kete! Ìbéèrè kan ló gbé mi wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n máa gbàdúrà, torí mo ti ń gbà á.

Báńkì kan ní Adó ni mo wà, ọdún kẹrin rèé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àwọn tó máa kówó sí wa lọ́wọ́. Oṣooṣù ni tágẹ́ẹ̀tì ń bọ̀. Èkó ni ẹni tó ń gbé e kalẹ̀ wà, n ò rí i sójú rí. Ó dà bíi pé kò mọ̀ pé ọjà Ìjerò yàtọ̀ sí Ìkẹjà. Bí mo bá bá tágẹ́ẹ̀tì lóṣù yìí, wọ́n á fi kún un lóṣù tó ń bọ̀. Bí n ò bá bá a, ìpàdé àárọ̀ Ajé ń dúró dè mí: wọ́n á máa pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú dìde, kó sọ ohun tó dé tí owó ò fi wọlé.

Láti alẹ́ Àìkú, bíi ti ìsinsìnyí, ni àyà mi ti máa ń lù kì-kì-kì bí ẹni ń gún iyán. Aago méjì òru, ojú mi á là kedere, màá máa ṣírò owó olówó nínú òkùnkùn.

Mo lọ sílé ní Ìkéré lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí lọ sídìí ẹ̀gẹ́. Wọ́n á bó o, wọ́n á gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á fi òkúta tẹ̀ ẹ́, wọ́n á kù ú, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó ti agbada, èéfín á máa bọ́ sí wọn lójú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Alẹ́ dé, wọ́n jẹun tán, kí n tó palẹ̀ àwo mọ́, wọ́n ti ń hanrun. Èmi ni mò ń ka pákó àjà.

Iṣẹ́ tiwọn le ju tèmi lọ, kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ èmi ni iṣẹ́ ń pa?

Ẹni_Jẹ́jẹ́ · Àìkú, 10:58 alẹ́

Bí ẹni ń gún iyán ke 😂 Ẹ má bínú, àǹtí. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín in. Ìpàdé àárọ̀ Ajé yẹn, èmi náà ń jẹ nínú rẹ̀.

Bàbá_Fẹ̀yìntì · Ajé, 5:40 òwúrọ̀

Ọmọ mi, o ò ní í rí ibi lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 35 ni mo fi sin ìjọba. Mo wà lára àwọn tó ti Àkúrẹ́ wá sí Adó nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní October 1996. Àga ò kárí wa. Ẹni tó bá pẹ́ dé, orí àpótí ló ń jókòó sí. Fáìlì ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. A ò gbọ́ orúkọ kankan tó ń jẹ́ másùnmáwo. Iṣẹ́ ni òògùn ìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn ìrọ̀rùn jù ni. Máa sùn lásìkò, fi fóònù sílẹ̀.

Tíṣà_Kékeré · Ajé, 6:15 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. Ti fóònù yẹn, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n orí fóònù ni ọ̀gá ti ń rán wa níṣẹ́ báyìí, sà. Aago mẹ́wàá alẹ́ àná ni ọ̀gá iléèwé wa sọ ọ́ sórí WhatsApp pé òun fẹ́ rí ìwé ètò ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ yìí. Nígbà tiyín, bí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, fáìlì ò lè tẹ̀ lé yín délé.

Arákùnrin_Basírí · Ajé, 9:02 òwúrọ̀

Àǹtí Adùn, ibi tí ẹ fọwọ́ bà yẹn, àwọn onímọ̀ ti ń wa ilẹ̀ ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ènìyàn ni mo kà ní yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àǹkárá ni mò ń tà báyìí.

Ní 1979, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Robert Karasek yẹ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní Sweden àti Amẹ́ríkà wò. Nǹkan méjì ló fi ń wọn iṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni bí iṣẹ́ náà ṣe ń lé ènìyàn tó: bó ṣe pọ̀ sí, bí àsìkò ṣe há sí. Èkejì ni bóyá ẹni tó ń ṣe é lẹ́nu nínú bí wọ́n á ṣe ṣe é. Ohun tó rí ni pé pípọ̀ iṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń da ọkàn rú. Ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún, tí kò sì láṣẹ lórí rẹ̀, ni àárẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà jù. Ẹni tí iṣẹ́ tiẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bó ṣe ń lọ, iṣẹ́ náà tún lè máa kọ́ ọ lọ́gbọ́n, kó máa dùn mọ́ ọn.

Ẹ wá wo màmá yín. Bí wọ́n bá fẹ́ gààrí tó kan dáadáa, wọ́n á jẹ́ kó lo ọjọ́ mélòó kan nínú àpò. Bí owó bá ń kán wọn lójú, wọ́n á yan án kíá. Bí ẹ̀yìn bá ń ro wọ́n, wọ́n á dìde nídìí agbada, wọ́n á nà gbalaja. Ta ló máa kọ kúèrì sí wọn? Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo lẹ kẹ́yìn pinnu nǹkan kan nínú iṣẹ́ yín tó ju irú bàtà tí ẹ máa wọ̀ lọ?

Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn méjì kan, Hackman àti Oldham, kọ ọ́ láàárín ọdún 1970 sí 1979 pé iṣẹ́ máa ń yé ènìyàn, ó sì máa ń níyì lójú rẹ̀, bó bá ń rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì ń sọ fún un bóyá ó ṣe é re. Ẹ̀gẹ́ wọlé, gààrí jáde. Màmá bu díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n ti mọ̀ bóyá ó yan. Owó tí ẹ̀yin bá fẹsẹ̀ rìn dé Ìjerò lọ mú wá, nọ́ńbà ló ń dà lórí kọ̀ǹpútà ẹnìkan ní Èkó, ẹ ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ àfi bó bá dín.

Mo tún fẹ́ bi yín: àwọn wo ló ń bá màmá yan gààrí?

Adùn_Ìkéré · Ajé, 1:20 ọ̀sán

Mo ń jẹun ọ̀sán nínú mọ́tò ni mo ń dáhùn yìí. Obìnrin mẹ́fà ni wọ́n nínú ahéré náà. Láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Bí ara ẹnìkan ò bá yá, àwọn tó kù á bá a yan tirẹ̀.

Ní tiwa, bí ọ̀rẹ́ mi bá rí oníbàárà ńlá, ó ń fi í pa mọ́ fún mi. Èmi náà ń fi tèmi pa mọ́ fún un. Ojú tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Arákùnrin_Basírí · Ajé, 1:44 ọ̀sán

Ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ní 1988 àwọn olùwádìí fi ẹsẹ̀ kẹta sí ààrò Karasek: ẹni tó ń tì ọ́ lẹ́yìn níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ tó ń lé ọ, tí o ò láṣẹ lórí rẹ̀, tí o sì dá nìkan wà nínú rẹ̀, òun ló burú jù nínú gbogbo wọn. Kì í ṣe ìwà burúkú ni ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín ń hù. Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà ló sọ yín di ọ̀tá ara yín.

Ọlọ́kadà_Ìlawẹ̀ · Ajé, 8:30 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Basírí, ẹ rọra o. Èmi ni ọ̀gá ara mi, kò sẹ́ni tó ń kọ kúèrì sí mi, mi ò sì sùn rí oorun gidi láti oṣù kẹta. Mo gba ọ̀kadà yìí lọ́wọ́ ẹnìkan láti máa san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di tèmi. Òjò rọ̀ ni, epo wọ́n ni, mo ṣàìsàn ni, Sátidé ò ní yẹ̀. Àṣẹ tí mo ní kò ju pé kí n yan ibi tí oòrùn á ti pa mí: Ìjìgbò ni àbí Fájuyì. Ṣé Karasek yín gun ọ̀kadà rí?

Ẹni_Jẹ́jẹ́ · Ajé, 8:33 alẹ́

😂😂 Ìjìgbò ni àbí Fájuyì!

Arákùnrin_Basírí · Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n ọlọ́kadà, ẹ mú mi. Mo gbà fún yín. Àṣẹ lórí ọwọ́ ọkọ̀ yàtọ̀ sí àṣẹ lórí owó. Gbèsè ni ọ̀gá yín, kò sì ní ojú tí ẹ lè fi bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ní "mo dá dúró", irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ la ní. Ìṣọ̀ ni èmi náà ń sanwó rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òru · Ìṣẹ́gun, 4:12 ìdájí

Ẹ kú ojú oorun o, ẹ̀yin tó ń sùn. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ilé ìwòsàn tí mo wà kò kan ẹnìkankan. Ọ̀rọ̀ iyì iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n Basírí sọ yẹn, mo ní in dáadáa. Bí mo bá gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ ikú lóru, kò sí ẹni tó máa sọ fún mi pé iṣẹ́ mi ò já mọ́ nǹkan. Ohun tó ń pa mí yàtọ̀.

Àwa méjì la wà fún wọ́ọ̀dù tó kún. Nínú àwa márùn-ún tí a jọ bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ti japa. Iṣẹ́ àwọn tó lọ ò bá wọn lọ. Orí wa ló bọ́ sí. Oorun ọ̀sán ò jọ oorun alẹ́, ọmọ á máa ké, ẹlẹ́rọ ata á máa lọ ata létí fèrèsé. Gbogbo èyí, mo lè fara dà á. Lóṣù tó kọjá mo fi ìṣẹ́jú ogún pẹ́ dé nítorí òjò, ìwé ìbáwí dé kí n tó wọ aṣọ iṣẹ́. Alẹ́ mẹ́rin tí mo ti fi kún tèmi lóṣù kan náà nítorí ẹnìkan tó ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó ní "o ṣeun". Mo bú sẹ́kún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú!

Tíṣà_Kékeré · Ìṣẹ́gun, 6:30 òwúrọ̀

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí oorun kùn yín díẹ̀ kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ sílé.

Arákùnrin_Basírí · Ìṣẹ́gun, 8:55 òwúrọ̀

Onímọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, Johannes Siegrist, ló kọ nípa ohun tí àǹtí nọ́ọ̀sì sọ yìí, ní 1996. Ó ní òṣìṣẹ́ ń gbé òṣùwọ̀n kan kiri nínú ọkàn rẹ̀: ohun tó fi sílẹ̀ wà ní apá kan, ohun tó rí gbà wà ní èkejì. Owó, ìyìn, ìgbéga àti ìfọ̀kànbalẹ̀ pé wọn ò ní lé ọ, gbogbo wọn ló wà ní apá kejì yẹn. Bí apá àkọ́kọ́ bá ń tẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ara á máa sanwó rẹ̀. Ìdí nìyí tí "o ṣeun" tí kò dé fi lè pa ènìyàn lẹ́kún ju òru mẹ́rin lọ.

Olùtọ́jú_Ọkàn · Ìṣẹ́gun, 12:05 ọ̀sán

Ibi ìtọ́jú ọpọlọ ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ fi nǹkan díẹ̀ kún un torí mo rí àwọn àmì kan nínú ohun tí àǹtí Adùn àti àǹtí nọ́ọ̀sì kọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé àrùn wọn tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, pé iṣẹ́ lè mú kí ènìyàn jóná bí òwú àtùpà tí epo tán nídìí rẹ̀. Wọn ò pè é ní àrùn o. Wọ́n ní ohun tó ń ti ibi iṣẹ́ wá ni, nígbà tí másùnmáwo bá pẹ́ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wá nǹkan ṣe sí i. Okun á tán nínú ènìyàn. Iṣẹ́ tó ti ń fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ á máa rí i lára. Á sì máa rò pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Bí ẹ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Bó bá wá kọjá ibi iṣẹ́, tí oúnjẹ ò lọ, tí oorun ò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí ohun tó ń múnú ẹni dùn ò tún dùn mọ́, tàbí tí ènìyàn bá ń rò ó pé kí òun kúkú má sí láyé, ẹ má dúró de Ajé. Ẹ wá rí wa lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún ẹnìkan nílé. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ wa ní Adó àti ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó.

Mo mọ̀ pé bí mo bá ti ní "ìtọ́jú ọpọlọ", Aró lẹ máa rántí, ẹ ó sì máa wo ẹ̀yìn bóyá aládùúgbò rí yín. Aró gan-an kì í ṣe ohun tí àwọn ènìyàn ń fi dẹ́rù bani. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú, tí wọ́n sì ń roko bí ẹni gbogbo. Gbogbo ayé ló wá wo àwòkọ́ṣe rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí náà. Àjọ Ìlera àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìṣirò kan jáde ní 2021: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 ga fún un ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ẹ ka tiyín.

Ẹni_Jẹ́jẹ́ · Ìṣẹ́gun, 12:19 ọ̀sán

Mo ka tèmi. 63. Mo ti fi fóònù sílẹ̀.

Bàbá_Fẹ̀yìntì · Ọjọ́rú, 5:35 òwúrọ̀

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀. N kò gbà pé ènìyàn ń ṣàìsàn nítorí pé wọn ò kí i. Síbẹ̀, ìwọ Basírí, ṣé àwọn olóyìnbó rẹ wo òṣìṣẹ́ ìjọba rí?

Arákùnrin_Basírí · Ọjọ́rú, 7:50 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. Wọ́n wò wọ́n dáadáa. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1967, wọ́n tọpa ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ìjọba ní Whitehall, àdúgbò tí ọ́fíìsì ìjọba wà. Èrò gbogbo ayé ni pé àwọn ọ̀gá àgbà, tí ẹrù ìlú wà lórí wọn, ni àrùn ọkàn á máa pa. Òdìkejì ni wọ́n bá. Àwọn ìránṣẹ́ àti aṣọ́nà, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ni ikú ń pa tó ìlọ́po mẹ́ta àwọn ọ̀gá. Sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru ṣàlàyé díẹ̀ níbẹ̀, kò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní 1985 lábẹ́ Michael Marmot, tọkùnrin tobìnrin. Nínú ìyẹn ni wọ́n ti rí i pé àìláṣẹ lórí iṣẹ́ ẹni wà lára ohun tó ń fa àrùn ọkàn yẹn.

Bàbá_Fẹ̀yìntì · Ọjọ́rú, 9:25 alẹ́

Mo rìn yíká àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì kí n tó padà wá kọ èyí.

Ìránṣẹ́ kan wà ní ọ́fíìsì wa. Ẹ̀gbọ́n mi ni lọ́jọ́ orí, bàbá ọmọ mẹ́fà. Agogo ni àwa fi ń pè é. Bí agogo bá dún, á dìde. Bó bá jókòó, òmíràn á dún. Ẹni tó kéré sí àkọ́bí rẹ̀ á rán an lọ ra mọ́ínmọ́ín. Iṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀, ìgbà mìíràn á jókòó fún wákàtí méjì láìṣe nǹkankan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ò gbé mọ́. A ní ayé ló ṣe é. Èmi gan-an sọ bẹ́ẹ̀.

Ti àga tí ò kárí lọ́dún 1996, mo rò ó dáadáa. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá ìpínlẹ̀ tuntun dúró, àwa fúnra wa là ń gbìmọ̀ bí a ó ṣe ṣe é. A ń jẹ iyán pọ̀ lọ́sàn-án. Orí àpótí ni mo jókòó sí lóòótọ́, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà mo lo ọdún mẹ́ta lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń fi yíǹkì pupa fa gbogbo ohun tí mo bá kọ ya. Àga mi ti ní tìmùtìmù nígbà náà. Ìyàwó mi ló rántí lónìí pé àárín ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. N kò tí ì so ó pọ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì_Òru · Ọjọ́bọ̀, 3:50 ìdájí

Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣé ẹ ṣì ń lo oògùn yín déédéé?

Bàbá_Fẹ̀yìntì · Ọjọ́bọ̀, 5:30 òwúrọ̀

Mo ń lò ó, ọmọ mi. Lọ sùn.

Adùn_Ìkéré · Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 9:15 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo bá mánijà ẹ̀ka wa sọ̀rọ̀. N ò sọ ti Karasek fún un, torí á ní mo ń ka ìwé dípò kí n máa wá owó. Nǹkan méjì ni mo bẹ̀bẹ̀ fún: kí àwa tí à ń jáde máa pín ìlú láàárín ara wa, kí ìpàdé ìdójútini yẹn sì dópin. Ó gba àkọ́kọ́. Ìkejì, ó ní láti òkè ni, ọwọ́ òun ò tó o. Bó ṣe sọ ọ́, mo rí i pé òun náà kì í sùn.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti pín ọ̀nà: ó mú Ìdó dé Ọ̀tùn, mo mú Ìyìn, Ìgèdè, Aramọkọ dé Ìjerò. Oníbàárà ńlá tó ń fi pa mọ́, ìlú tèmi ló wà, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Tágẹ́ẹ̀tì ò dín kọ́bọ̀. Àìkú tó kọjá, mo sùn títí di aago mẹ́rin àárọ̀. N ò tí ì dé ibi tí ìyá mi wà, ṣùgbọ́n aago méjì kọ́ mọ́.

Ẹ wá gbọ́ o. Aago mẹ́ta òru àná, fóònù dún. Ìyá mi ni. Mo fò sókè, mo rò pé ẹnìkan ló kú. Wọ́n ní ojú àwọn là. Oníṣòwò kan láti Èkó ti kó àpò gààrí mọ́kànlá lọ láwìn, kò gbé fóònù mọ́, ẹni tí wọ́n ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń wá owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyá mi, tó máa ń hanrun! Wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ kan ni oorun ò ti kùn wọ́n.

Ọlọ́kadà_Ìlawẹ̀ · Àìkú, 9:21 alẹ́

Mo sọ bí? Gbèsè ni ọ̀gá. Ẹ bá mi kí màmá.

Bàbá_Fẹ̀yìntì · Àìkú, 9:40 alẹ́

Ṣé ó ku gààrí nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn? Èmi àti àwọn tí a jọ fẹ̀yìntì máa ń ṣèpàdé ní Òkèṣà lọ́jọ́ Sátidé. Owó lọ́wọ́ la ó fi rà á. A ò fẹ́ èyí tó kan jù o, ikùn àgbà ni.

Adùn_Ìkéré · Àìkú, 9:43 alẹ́

Ó kù, Bàbá. Àpò mélòó ni kí n ní kí wọ́n dì?